Ọmọ Ọdẹ Yin Ajá

Ayọ̀kúnnúmi pariwo nínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé èèyàn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Largo lọ sí Kettering ni, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí kálukú gbé ojú sí fèrèsé bí ẹni tí ayé sú. Àfi bí ọmọbìnrin yìí ṣe gbé fóònù kúrò létí, tó na apá méjèèjì sókè, tó figbe ta.

"Mo ń lọ! Ẹ gbà mí o, mo ń lọ!"

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ìyá àgbà kan tó jókòó ní iwájú rẹ̀ yíjú padà, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Níbo lò ń lọ, ọmọ mi?"

"Kasakístánì, mà!"

Ìyá náà wò ó títí. "Jésù á mú ọ padà," ló wí, ó sì rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

Kò kan Ayọ̀kúnnúmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n gbé wá sí Maryland nígbà tí kò tíì wọ girama, ọ́fíìsì kan ní Largo ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń ya àwòrán títì àti gọ́tà fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Gọ́tà! Látàárọ̀ dalẹ́, gọ́tà! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, òjò lé e wọ ilé ìkàwé, ó ṣí ìwé ńlá kan láìnídìí, ó sì rí àwòrán ọkùnrin kan tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta ní Kasakístánì, tí orí rẹ̀ jẹ́ oòrùn, tí ìtànṣán yọ yí i ká. Ní ojú ewé kejì, àgbọ̀nrín kan wà níbẹ̀ tí ìwo rẹ̀ ń ṣàn lọ sẹ́yìn bí omi odò. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ó sì dà bíi pé àgbọ̀nrín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò níbi tí ọdẹ ti tafà sí i ni. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ya wèrè. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ka gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀, ó ń ya ẹranko inú wọn mọ́jú, títí ó fi gbọ́ pé obìnrin ará Kasakístánì kan wà ní yunifásítì ní College Park, tí wọ́n ń pè ní Saule, tó ń kó àwọn ayàwòrán lọ ṣe àdàkọ iṣẹ́ orí àpáta wọ̀nyí lọ́dọọdún. Ó kó àwòrán tirẹ̀ lọ bá a. Saule wò wọ́n, kò sọ púpọ̀.

Saule ló pè é lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì yìí. Àyè kan ló kù, Ayọ̀kúnnúmi ló ni ín. Gbogbo oṣù kẹfà títí wọ oṣù keje, lábẹ́ òkè, lẹ́bàá àpáta, níbi tí àmọ̀tẹ́kùn inú yìnyín ń gbé lókè tí àwọn ọdẹ ń fi ẹyẹ idì mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Yunifásítì ló máa san owó ọkọ̀ òfurufú. Kó sáà fèsì kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ohun náà sì ń dúró dè é nílé.

*

Fẹ̀yìntọlá, ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Obìnrin gíga, adúmáadán, opó tó fi agídí tọ́ ọmọ kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ sì lè dá ọkọ̀ dúró ní ìkóríta. Inú kíṣìnì ló wà.

"Mọ́mì, ẹ jókòó ná."

"N ò jókòó. Ọmọ tó bá ní kí ìyá òun jókòó, ọ̀rọ̀ tó lè gbé ìyá ṣubú ló wà lẹ́nu ẹ̀. Òró ni mo wà, sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ó fi ìdùnnú sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ya àgbọ̀nrín sínú afẹ́fẹ́. Ìyá rẹ̀ pa iná sítóòfù.

"Kí lo pe orúkọ ibẹ̀?"

"Kasakístánì."

"Stánì." Fẹ̀yìntọlá pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. "Ayọ̀kúnnúmi, gbogbo ìlú tí orúkọ ẹ̀ bá ti parí sí stánì, ìbọn ló ń ró níbẹ̀. Olúrótìmí tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Afuganístánì bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kó o lọ. Ìyá ẹ̀ ti gbẹ bí ẹja panla. Ìwọ wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ, láìgba kọbọ̀, láìgbé ìbọn."

"Kò sí ogun ní Kasakístánì, mà. Wọ́n jìnnà síra wọn."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n? Kí lo tiẹ̀ gbàgbé síbẹ̀?"

"Àwòrán orí àpáta ni, mà."

"Àpáta!" Fẹ̀yìntọlá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Ilé bàbá tó bí mi ní Ṣakí, orí àpáta la ti ń sá láfún! Orí àpáta ni mo ti kọ́ ìrìn! Èmi sá kúrò lórí àpáta wá sí Amẹ́ríkà, ọmọ mi ń fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ wo àpáta. O ò lọ."

"Mọ́mì..."

"Mo ní o ò lọ."

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí àgbà ni, kó gbé páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Ìrìn àjò tí ìyá kò gbàdúrà sí, ta ni yóò rìn ín? Lọ́jọ́ tí Ayọ̀kúnnúmi kọ́kọ́ wakọ̀, lọ́jọ́ tó wọ yunifásítì, lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn kò bá sí níbẹ̀, Kasakístánì kankan kò dùn mọ́.

Ó wọ yàrá lọ pe Saule, ohùn rẹ̀ ti rọ. Saule gbọ́ ọ dópin. "Mú màmá rẹ wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé," ló wí. "A kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá lórí fóònù."

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá gbọ́, ó mi orí. "Mà á lọ. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé rárá."

*

Ilé kékeré kan ní College Park ni Saule ń gbé. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, kò ga, ojú rẹ̀ rí roboto, irun funfun tó dì ní ìdì kan balẹ̀ dé ìbàdí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn jọ ń sọ, ṣùgbọ́n bí ìyá àti ọmọ bá fẹ́ bá ara wọn jà, Yorùbá ni wọ́n ń bọ́ sí.

Fẹ̀yìntọlá ti fa ojú ro láti inú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í wọ ilé onílé kó dijú sí ohun tó wà níbẹ̀. Bó o tilẹ̀ wá jà, wàá kọ́kọ́ kí wọn kú ilé, wàá yin ilé, kó o tó wá bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, tí wọ́n fi irun àgùntàn tẹ̀, tí àrà ìwo àgbò pupa wà lára rẹ̀ yípo.

"Ha! Kápẹ́ẹ̀tì yìí mà rẹwà o! Ọwọ́ tó ṣe èyí kò ní rọ!"

"Ó wù ọ́?" Saule bi í.

"Ó wù mí gan-an ni!"

Saule tẹrí ba, ó ní kí wọ́n yẹsẹ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì náà rógódó, ó sì gbé e ti bàtà Fẹ̀yìntọlá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àti ọmọ rò pé ó fẹ́ gbá ilẹ̀ ni. Wọ́n jókòó.

Tíì dé. Kẹ́tùlù bàbà ni, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékèélékèé. "Ẹ wo kẹ́tùlù ológe! Kẹ́tùlù yìí á máa dá ara ẹ̀ lọ́lá!" Bí Saule ṣe da tíì tán, ó fọ kẹ́tùlù, ó nù ún, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ayọ̀kúnnúmi wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo kẹ́tùlù. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lọ́kàn.

Ìyá rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ṣé ẹran ẹṣin ló fẹ́ fún wa jẹ?" ló bi í ní Yorùbá. Láti àárọ̀ tó ti gbọ́ pé àwọn ará Kasakístánì máa ń jẹ ẹṣin ló ti ń bẹ̀rù ìyẹn.

"Kí ló wí?" Saule bi Ayọ̀kúnnúmi.

"Ó ń bi mí bóyá ẹran ẹṣin ni, mà."

Saule bú sẹ́rìn-ín. "Ní Maryland? Ta ló fẹ́ tà á fún mi?" Ó lọ gbé àwo ńlá kan wá, orí àgùntàn ló wà láàárín rẹ̀, odindi, ó ń yọ èéfín. Ó kọ ojú rẹ̀ sí Fẹ̀yìntọlá, ó na ọ̀bẹ sí i. "Àlejò pàtàkì la máa ń fún ní orí. Ìwọ ni kó o gé e. Etí ni kó o kọ́kọ́ gé, kó o fún ọmọdé tó wà nídìí oúnjẹ, kó lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà."

Ojú Fẹ̀yìntọlá là. "Kí lẹ wí? Etí? Kó lè máa gbọ́ràn?" Ó gba ọ̀bẹ, ó gé ọ̀tún, ó gé òsì, ó kó méjèèjì síwájú Ayọ̀kúnnúmi. "Jẹ ẹ́! Jẹ méjèèjì! Mo mọ̀ pé ọlọgbọ́n wà níbi gbogbo láyé!"

Ayọ̀kúnnúmi jẹ ẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe?

Nígbà tí wọ́n jẹun tán ni Saule na ọwọ́ sí fọ́tò kan lára ògiri. Ọkùnrin kan lórí ẹṣin, fìlà onírun lórí, yìnyín funfun títí lọ, ẹyẹ idì kan sì dúró lórí apá rẹ̀, tó tóbi bí ọmọ ọlọ́dún méjì. Bàbá Saule ni. Bàbá náà kì í fi ìbọn ṣọdẹ. Inú ìtẹ́ ni wọ́n ti máa ń mú ẹyẹ náà, abo rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú, torí abo ló tóbi jù, òun ló sì gbóná jù.

"Abo ló gbóná jù," Fẹ̀yìntọlá wí, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìhìn rere.

"Wọ́n á fi fìlà awọ bo ojú rẹ̀, kó má bàa bínú. Bí wọ́n bá dé orí òkè, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá yọ nísàlẹ̀, wọ́n á ṣí ojú rẹ̀. Wàá rí i tí ẹyẹ á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ fín-ín-fín. Lẹ́yìn náà..." Saule ju apá sílẹ̀ láti òkè, *fììì!* Ife tíì kan ṣubú. "Ìkookò gan-an, idì bàbá mi mú un rí."

"Irọ́!" Fẹ̀yìntọlá ti fò dìde. "Irọ́ lẹ pa! Ẹyẹ? Ó mú ìkookò?"

"Mo wà níbẹ̀. Bí ẹyẹ náà bá sì ti sìn ín fún ọdún bíi mẹ́wàá, bàbá mi yóò gbé e lọ sórí òkè, yóò pa àgùntàn fún un, yóò sì sọ pé, o ṣeun, máa lọ. Ẹyẹ náà ní láti lọ kọ́ ìtẹ́, kó sì ní ọmọ tirẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá jókòó díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí ìbọ̀wọ́ awọ kan tó kọ́ lára ògiri, tí èékánná ẹyẹ ti fà ya níbi púpọ̀. "Ìbọ̀wọ́ bàbá yín nìyẹn? Ẹ wo nǹkan àjogúnbá! Nǹkan iyì!" Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Saule ti yọ ọ́ lára ògiri, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ojú Fẹ̀yìntọlá tó là. Kápẹ́ẹ̀tì. Kẹ́tùlù. Ìbọ̀wọ́. Gbogbo rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Ó fún itan ọmọ rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ayọ̀kúnnúmi. Kí lobìnrin yìí ń dì sẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

"Mọ́mì, ó jọ pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ti yìn..."

"Ẹrù ìdána ni! Ó ń di ẹrù ìdána! Ó fẹ́ fi kẹ́tùlù àti kápẹ́ẹ̀tì gba ọmọ lọ́wọ́ mi! Ó yẹ kí n mọ̀, oúnjẹ yẹn ti dùn jù!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin nǹkan kan mọ́. Ẹ pa ẹnu mọ́."

"Mo ti pa á. Wò ó. Mo ti pa á."

Ó sì pa á lóòótọ́. Ó di ètè méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè. Ì bá sì dára bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Saule lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ajá kan fi wọlé.

Ajá wo? Ajá tí wọ́n fi eegun àti afẹ́fẹ́ mọ ni! Ó ga, ó pọ́n bí iyanrìn, ikùn rẹ̀ wọnú, àyà rẹ̀ jìn, etí rẹ̀ gùn wálẹ̀ pẹ̀lú irun bíi ti ọmọge. Kò gbó. Ó rìn wá síwájú Fẹ̀yìntọlá, ó gbé imú lé orúnkún rẹ̀, ó sì wò ó sójú.

"Tàsí la ń pe irú rẹ̀," Saule wí. "Ajá ọdẹ wa. Òun àti idì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ushqyr lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó yára."

Ayọ̀kúnnúmi rí i tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó rántí, ó sì pẹ́ jù, pé ọdẹ ni bàbá ìyá òun ní Ṣakí, pé ẹ̀yìn ajá ọdẹ ni ìyá òun ti dàgbà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

Fẹ̀yìntọlá dìde. Ó na ọwọ́ sí ajá náà, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn nọ́ọ̀sì:

"Ajá ẹlẹ́sẹ̀ ọfà, abàyà-bí-ọkọ̀,
Ó sáré títí, òjìji rẹ̀ ní kó dúró de òun.
Ehoro gbúròó rẹ, ó pe ọmọ jọ, ó pín ogún.
O ò gbó, o ò hu, ìbẹ̀rù ti dé oko ṣáájú rẹ.
Ajá tó mú ẹran tí kò jẹ níbẹ̀,
Ọmọ ọdẹ rí ọ, ó gbàgbé ohun tó bá wá!"

Saule kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé oríkì ni? Ó mú okùn ọrùn ajá, ó fi sí ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá. Ó fi ọwọ́ pa orí ajá náà lẹ́ẹ̀kan kó tó fi í sílẹ̀. Ayọ̀kúnnúmi rí i.

"Rárá!" Fẹ̀yìntọlá ké. "N ò ta ọmọ! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n ẹ lè kó gbogbo ilé yìí jọ kẹ́ ẹ fi ilé fúnra ẹ̀ lé e, n ò ní fi ọmọ mi ṣe pàṣípààrọ̀!"

"Pàṣípààrọ̀ kẹ̀?" Saule la ẹnu. "Ta ló ń ra ọmọ? Ìwọ lo yìn wọ́n! Nílé bàbá mi, bí àlejò bá yin nǹkan, tirẹ̀ ni. Bí mo bá fi pamọ́, ojú á tì mí dọ́jọ́ ikú. Mo rò pé ọmọ rẹ ti sọ fún ọ!" Ó yíjú sí Ayọ̀kúnnúmi. "O ò sọ fún un?"

"N ò rí i nínú ìwé kankan, mà," Ayọ̀kúnnúmi wí.

"Mo ní nínú ara mi pé," Saule wí, "ìyá yìí, ojú kì í tì í o! Ó ń bèèrè kápẹ́ẹ̀tì, ó ń bèèrè kẹ́tùlù! Mo ní, mo fẹ́ràn obìnrin yìí."

Ìtìjú bo Fẹ̀yìntọlá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìkíni ni! Ìkíni ni mò ń kí i yín! Níbi tá a ti wá, ẹni tó bá wọlé tí kò yin nǹkan, agbéraga ni. Ẹ gbà á padà. Ẹ gba ajá yín."

Ojú Saule sì bàjẹ́. "Bí mo bá fún ọ ní oúnjẹ, ṣé wàá pọ̀ ọ́ padà sínú àwo mi?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fẹ̀yìntọlá lára. Ó mú okùn ajá dáadáa. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ọwọ́ kan gba nǹkan ká ká èkejì sẹ́yìn. Lọ́la, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀ ń bọ̀ ní Kettering. Ẹ̀yin náà á yin nǹkan. Ẹ yin títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ó gbé ìka kan sókè. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yàtọ̀ o. Rárá ni mo wá sọ. Rárá náà ni mo sọ yẹn."

*

Ní ọjọ́ Àìkú, Ayọ̀kúnnúmi jókòó sílé dáná, òun àti ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ti búra pé ajá yìí kò ní gun àga òun, ṣùgbọ́n kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ayọ̀kúnnúmi rí i tó ń fi ẹran bọ́ ọ lọ́wọ́, tó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọkọ̀ ìyá rẹ̀ dé. Fẹ̀yìntọlá sọ̀ kalẹ̀ nínú léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run, gèlè ń fi ọ̀run ṣe yẹ̀yẹ́, bàtà gíga. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ìgbà yẹn gan-an, àgbọ̀nrín mẹ́ta dúró níwájú ilé Michelle, aládùúgbò wọn, wọ́n ń fi òdòdó rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ní Kettering, àgbọ̀nrín ò ka èèyàn sí mọ́. Wọ́n máa ń wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo wọ ọgbà wọn.

Ushqyr gba abẹ́ apá Fẹ̀yìntọlá jáde.

"Yéè!"

Àwọn àgbọ̀nrín gbé ìrù funfun sókè, wọ́n fò. Ajá náà nà tán pátá, ó ká, ó tún nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jọ pé ó ń kan ilẹ̀. Wọ́n la pápá Michelle kọjá, wọ́n la ti ẹnì kejì, wọ́n fo kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan. Ayọ̀kúnnúmi sáré jáde tòun ti ìgbákọ ọbẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó sì rí, títí ayé kò ní gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ta bàtà gíga dànù. Gèlè tú, ó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí àsíá. Ìyá rẹ̀ ń sáré!

"Gbá tẹ̀ lé e! Ọ̀tún! Ó ti ya ọ̀tún, ajá, gé e lọ́nà! Háà, ọmọ ẹ̀mí, gé e!"

"Mọ́mì! Ẹ máa pè é padà, ẹ má rán an níṣẹ́!"

"Fẹ̀yìntọlá!" Michelle ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Ajá ta nìyẹn?"

"Tèmi ni!" Ohùn náà dún bíi ti olóyè.

Ní ìsàlẹ̀ pápá, nítòsí igbó, Ushqyr ti dọ́gba pẹ̀lú èyí tó gbẹ̀yìn. Ọrùn àgbọ̀nrín àti ẹnu ajá, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ojú Fẹ̀yìntọlá wálẹ̀ lójijì. Àgbọ̀nrín tí ajá ẹni bá pa láàárín ilé àwọn èèyàn, ní Maryland, ta ló máa bá ọlọ́pàá sọ ọ́? Ó dúró. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́nu, ó sì fọn ohùn kan jáde, ohùn gígùn tó lọ sókè tó sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí Ayọ̀kúnnúmi kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ajá náà yí padà láàárín eré. Àgbọ̀nrín wọgbó. Ushqyr dúró, ó wo igbó, ó wo Fẹ̀yìntọlá, ó sì sáré padà wá, ahọ́n rẹ̀ gùn bí táì.

Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá títì. Saule ni, ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ó ń fo sókè bí ọmọdé, ó ń ké ní èdè tirẹ̀. "Mo lo odindi ọdún kan kí ajá yẹn tó máa dá mi lóhùn! Ta ló kọ́ ọ ní ohùn yẹn?"

"Bàbá mi," Fẹ̀yìntọlá wí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹrẹ̀ dé orúnkún léèsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i bó ṣe gé e lọ́nà? Ẹ rí i bó ṣe yí?"

*

Iyán àti ẹ̀gúsí ni wọ́n jẹ. Fẹ̀yìntọlá ti to gbogbo ohun rere tó ní síta: aṣọ òkè tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, àwo olówó ńlá tí kì í sábà gbé jáde. Ó ń dúró. Saule jẹun, ó mu omi, kò yin nǹkan kan.

"Ẹ yin nǹkan, mà," Fẹ̀yìntọlá wí níkẹyìn. "Àbí kò sóhun tó dára nílé mi ni?"

Saule nu ọwọ́. "Ohun kan ló wù mí níbí. Ọmọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo ti rí ayàwòrán tó pọ̀, ìwo ẹran ni wọ́n ń yà. Òun, eré ẹran ló ń yà. Ọmọ gidi ni."

"Ọmọ yín náà ni, mà," Fẹ̀yìntọlá dáhùn.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ó sì yá lẹ́nu rẹ̀ bí àmín. Ìyá Yorùbá wo ni wọ́n yin ọmọ rẹ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ náà sì dúró ní agbede méjì.

Saule kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó.

Bí Ayọ̀kúnnúmi bá sáà dákẹ́, ó ti parí. Òfin Saule ti mú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ. Àpáta, oòrùn, idì, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú àdúrà wo ni ìyá tí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ mú fẹ́ gbà?

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà," ló sọ fún Saule. "Ìkíni wa nìyẹn. Gbogbo èèyàn wa ló máa ń sọ ọ́. Màmá mi ò fi mí sílẹ̀."

"Mo mọ̀," Saule wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ta ló fi ọ́ ṣe lọ́yà mi?" Fẹ̀yìntọlá yíjú sí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú iná lójú. "Mo bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Nígbà náà, jẹ́ kí n ronú." Ajá ti gun àga aláwọ̀ pupa tí wọ́n ní kó má gùn, ó gbé orí lé itan Fẹ̀yìntọlá. Ó ń fi ọwọ́ ra á létí. "Bàbá mi a máa wọgbó, a ò ní rí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ejò wà níbẹ̀. N ò rí ìyá mi kó di í mú ní aṣọ rí. Ìyá mi a máa súre fún un, a di oúnjẹ fún un, a sì wọlé lọ sunkún tó bá lọ tán. Mo máa ń bínú sí i. Mo ní, ẹ má jẹ́ kó lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Àfi lónìí. Nígbà tí ajá yìí gé ẹran yẹn lọ́nà, Ayọ̀kúnnúmi, ojú mi là. Ṣé bó ṣe ń ṣe ọ́ nìyẹn, tó o bá rí àpáta yẹn?"

"Bó ṣe ń ṣe mí gan-an nìyẹn, mà."

"O ò sọ fún mi. Àwòrán, àwòrán lò ń pariwo." Ó kọjú sí Saule. "Ẹ gbé máàpù wá, kẹ́ ẹ fi ìka yín hàn mí bí stánì yín ṣe jìnnà sí tàwọn oníbọn. Ìkookò ń wá sí ibi tẹ́ ẹ máa sùn?"

"Kì í wá. Ẹ̀rù wa ń bà á."

"Fóònù ń bẹ?"

"Lórí òkè kejì, bí ojú ọjọ́ bá dára."

"Ẹ ó gùn ún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. N ò fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó ní ikọ́ tó bá tutù, ẹ máa fún un ní omi gbígbóná. Kì í jẹun tó bá ń yàwòrán, ẹ lù ú."

"Mà á lù ú," Saule wí.

"Ọmọ yín ni. Mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ, ẹnì kan kò fi ẹnu mú mi." Fẹ̀yìntọlá dìde, ajá bọ́ sílẹ̀. "Kí lò ń wò? Kúnlẹ̀."

Ayọ̀kúnnúmi ti kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ bà lé orí rẹ̀, ó wúwo, ó ń rùn ajá, ó ń rùn koríko tútù.

"Ọlọ́run tó tọ́jú bàbá mi nínú igbó tí kò sí iná, tọ́jú ọmọ mi lórí òkè tí n ò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí àpáta. Òtútù kò ní rí ọ bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ á fi orí ẹran síwájú rẹ. Ibi tí ojú rẹ bá wò, ọwọ́ rẹ á yà á. Bó o ṣe lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni wàá bọ̀ tariwotariwo..."

"Àmín!" Ayọ̀kúnnúmi ké, ó sì ti ń sunkún.

"N ò tíì parí! Dúró kí n parí!"

"Àmín!" Saule náà ké, tìyẹn kò sì mọ ibi tó yẹ kó ti dúró, ni Fẹ̀yìntọlá bá gbé ohùn sókè ju ti àwọn méjèèjì lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti orí.